Àpótí Tó Gún Jù

Ẹnu ọ̀nà ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi, tó ń yẹ ẹrù wò, ti dá èmi àti Ìbídùnní ọmọ mi dúró. Ó fọwọ́ pa àpótí ìjókòó tí ọmọ náà kàn.

"Ẹ má bínú, ó gún jù. Ẹ̀rọ ló ṣe é, òfin ò sì gba ti ẹ̀rọ níbí."

"Ojú mi ló ṣe kàn án."

"Bí gbogbo wọn ṣe ń wí nìyẹn."

Ìbídùnní na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti le sí i. Kò wò ó. Mo bá yọ òòlù, mo gbá ẹsẹ̀ àpótí náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì bó. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀ lé e: Ọwọ́ Ènìyàn.

Nígbà tí a wọlé, mo wo àga, ọpọ́n àti ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n pàtẹ. Ojú òòlù tuntun wà lára gbogbo wọn. Ta ló wá ṣe èwo?

Obìnrin kan dúró, ó ń fi ìka pa ibi tó bó lára àpótí wa.

"Èyí ni mo fi mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é."

Ìbídùnní wò mí.

"Ibẹ̀ nìkan ni mi ò ṣe, mà."