Èébì Lórí Pápá Harthwick

Mo fi ẹsẹ̀ tí mo fi jẹ ìyà ojú ọ̀nà búra, ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ yìí. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì yọ níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Corey Pridmore nígbà tó di atamátàsé Harthwick, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ kékeré ni, òjò kì í dá níbẹ̀, ọmọ náà sì yára bí ológbò tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Bí àṣà wọn, wọ́n fi í wọ̀ sílé opó kan tó máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù sílé. Maureen Stubbs lorúkọ rẹ̀. Màmá Mo, ìgékúrú Maureen, ni gbogbo wọn ń pè é. Àwòrán àwọn tó ti gbà sílé rí kún ara ògiri pálọ̀.

"Wò wọ́n," ló sọ fún Corey lọ́jọ́ tó dé. "Gbogbo wọn ló mọ bọ́ọ̀lù gbá. Kò sí ìkankan tó fi mí sílẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ibí ni wọ́n ti gbá a títí ẹsẹ̀ wọn fi kọ̀."

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó gbé ìrẹsì ka iwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi mílíìkì àti ṣúgà sè títí ó fi ki. Corey fẹ́ fi ìdajì sílẹ̀.

"Jẹ ẹ́ tán, ọmọ mi."

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó gbá gọ́ọ̀lù méjì wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn, nítorí àwọn agbábọ́ọ̀lù kì í fi ohun tó bá bá wọn ṣoríire ṣeré. Ẹlòmíì kì í fọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹlòmíì, ẹsẹ̀ òsì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ki bọ bàtà. Ti Corey ni ìrẹsì Màmá Mo. Kò tún wọ pápá láìjẹ ẹ́ mọ́.

Dean Hallam ló wà ní yàrá kejì. Òun ni atamátàsé kí Corey tó dé. Ìyàwó rẹ̀ ti lé e jáde, orúnkún rẹ̀ sì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Òun ló máa ń fi mọ́tò gbé ọmọ náà lọ sí pápá, á sì bu tíì fún un láti inú fláàsìkì rẹ̀.

"Mu ún, ọmọ jòjòló. Ó máa hu irun sí ọ láyà."

"Ẹ ṣé, bàbá àgbà. Ṣé mọ́tò ló ń dún báyìí ni, àbí orúnkún yín?"

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ rán ọkùnrin kan wá wo Corey. Ohun tí ọmọ náà ti ń lá láti kékeré nìyẹn. Ó sọ ọ́ nídìí tábìlì.

"Sátidé wo ló ń bọ̀?" Màmá Mo bèèrè.

"Èyí tó ń bọ̀ yìí."

"Ó ti yá jù," ló wí, ó sì bu tíì kún ife rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀lù ò tíì lọ jìnnà tí Corey fi kúnlẹ̀ níwájú ilé gọ́ọ̀lù, tó ń bì. Funfun ni, ó kan, ó ń rùn. Bọ́ọ̀lù yí gba inú rẹ̀ kọjá.

"Ó ti lóyún!" làwọn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ kejì ń kọ lórin. "Ta ló fún un lóyún?"

Dean ló gbé e jáde. Òun ló fi ọwọ́ fọ èébì kúrò lára bàtà rẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù náà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ti ẹnu nìkan kọ́. Ṣòkòtò funfun Corey sọ ìyókù fún gbogbo èèyàn. Ọkùnrin náà fi ìbòrùn bo imú, ó sì bọ́ sínú mọ́tò rẹ̀.

Corey àti Dean délé, wọ́n bá Màmá Mo lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì. Pip, ajá tó máa ń lá abọ́ wọn, ti bì síbẹ̀.

"Arúgbó ajá," ló wí. "Èmi náà á dà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wá sílé. "Kí lo jẹ?" ló bi Corey.

"Ìrẹsì. Ohun tí mo máa ń jẹ nìyẹn."

"Kí lo mu?"

Corey wo Dean.

"Èmi náà mu nínú rẹ̀!" ni Dean wí.

"Mi ò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni jẹ́," ni Màmá Mo wí. "Ṣùgbọ́n fúnra rẹ̀ ló máa ń po tíì yẹn. Ipò rẹ̀ ni ọmọ yìí gbà, ẹ kúkú mọ̀."

Wọ́n lé Dean. Bó ṣe ń gbé báàgì jáde, Corey tutọ́ sí i lójú. Itọ́ náà ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀. Kò nù ún.

"Ọmọ, ọwọ́ yìí ni mo fi fọ èébì rẹ," ló wí.

"Ẹ ń rí mi lára!"

Láti ọjọ́ náà Corey ò bì mọ́. Gbogbo ìlú ní ẹ̀rí nìyẹn, wọn ò tún gbà kí Dean jókòó tì wọ́n nílé ọtí. Ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù ò padà wá. Ọmọ mìíràn ni wọ́n rà.

Harthwick ni Corey ti gbá a títí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi bàjẹ́. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ mọ́ tàwọn yòókù. Nígbà tí àìsàn dá Màmá Mo dùbúlẹ̀, tí kò ní ọmọ, Corey ló ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì náà. Ó gbé e wá ní gbígbóná, ó bu ṣíbí kan sí i lẹ́nu.

"Ẹ jẹ ẹ́ tán, Màmá."

Màmá Mo pa ẹnu dé, ìrẹsì náà ń ṣàn sílẹ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀, ó wo inú abọ́ náà pẹ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyí: "Corey, má fi ohun tí mo fi sí tìẹ sí tèmi."