Iṣẹ́ Tí Atẹ́gùn Ń Ṣe

"Atẹ́gùn ò lè yí àwọ̀ nǹkan kan padà. Ẹ tún un wí!" Tíṣà fi pàṣán gbá tábìlì. Ọ̀la ni ìdánwò sáyẹ́ǹsì.

Saidat nawọ́. "Àǹtí, ó ń yí aṣọ màmá mi padà o. Tí wọ́n bá fà á yọ nínú aró, gíríìnì ni. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù."

"Ṣé ìyá ẹ ló kọ ìwé sáyẹ́ǹsì ni? Kúnlẹ̀ síbẹ̀!"

Lẹ́yìn fèrèsé, nínú ọgbà àwọn aláró Ìtòkú, ìyá Saidat ń fa aṣọ kan yọ nínú ìkòkò. Tíṣà mọ aṣọ náà. Tirẹ̀ ni, ó sì rí bí ewé tútù.

"Yéè! Ìyá Saidat, ẹ ti ba aṣọ mi jẹ́! Búlúù ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi rẹ!"

"Ẹ ṣe sùúrù, tíṣà. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i ná."

Ó sá a sórí okùn. Èébú Tíṣà ò tíì dé ìdajì tí aṣọ náà fi di búlúù lójú gbogbo kíláàsì.

Tíṣà rọra pa fèrèsé dé. Ó mú pàṣán rẹ̀.

"Níbo la bá a dé?"

"Atẹ́gùn ò lè yí àwọ̀ nǹkan kan padà!"

Ohùn Saidat ló ròkè jù.