Ṣòkòtò Káàkí

Ní ọdún kejì òmìnira Dàhòmì, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan sílẹ̀ ní Kétu, tí wọ́n á máa yan bí ọmọ-ogun. Gaston, tó ti ṣe sójà fún àwọn Faransé rí, ni ọ̀gá wọn. Ó ránṣẹ́ sáwọn òbí pé kí ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan nínú méjì: yẹ̀rì káàkí tàbí ṣòkòtò káàkí. Lọ́jọ́ Sátidé, aránṣọ á wá wọ̀n wọ́n.

Rosalie, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mú ṣòkòtò. Babalọlá bàbá rẹ̀ kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyá Babalọlá, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló kọ̀.

Ìyá Àgbà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Àgbómẹ̀, tí wọ́n ní kí àwọn ará Kétu tí ogun ọba ibẹ̀ kó lẹ́rú lọ máa padà sílé, ó bá wọn dé. Ojú ọ̀nà ni bàbá Babalọlá ti pàdé rẹ̀, tó sì fi ṣaya. Kò sẹ́ni tó mọ ilé bàbá rẹ̀ ní Kétu. Wọ́n ní ogun ló pa ilé náà run. Bí inú bá bí i, Fọ̀n, èdè àwọn ará Àgbómẹ̀, ló fi ń sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn á ní ìyà tó jẹ lóko ẹrú ló fà á. Bí wọ́n bá ń ṣe ìrántí àwọn tí ogun pa, àga iwájú ni wọ́n ń gbé fún un. Ẹ̀yìn ló máa ń lọ jókòó sí.

“Rosalie kò ní wọ ṣòkòtò,” ó ní.

“Ìyá, ayé ti yí,” Babalọlá dá a lóhùn.

“Mo gbọ́. Kó wọ yẹ̀rì, tàbí kó jókòó sílé.”

Rosalie sunkún fún ọjọ́ méjì. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Nígbà tó di Sátidé, Babalọlá mú un lọ sí pápá ẹgbẹ́ náà. Aránṣọ, Ṣàngódélé, ti ń wọn ìbàdí rẹ̀ nígbà tí Ìyá Àgbà tọ̀pá dé. Ó mú ṣòkòtò kan lórí tábìlì, ó nà án sókè.

“Kí ni wọ́n máa wọ̀ ọ́ ṣe?” ó bi Gaston.

“Wọ́n á fi sáré, Ìyá, wọ́n á fi yan. Wọ́n á gbé ìbọn. Onígi ni o.”

“Igi náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.” Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà dé orúnkún. “Ó gùn jù. Ẹ̀gún á máa fà á.”

Ṣàngódélé rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ojú títì ni wọ́n á ti máa yan, kì í ṣe inú igbó.”

Rosalie kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan.”

“Ẹ sọ ọ́ ká gbọ́, Ìyá,” Babalọlá ní. “Ṣé torí pé aṣọ ọkùnrin ni?”

Ìyá Àgbà dá ṣòkòtò náà padà sórí tábìlì, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa.

“Kì í ṣe aṣọ ọkùnrin,” ó ní, “irú rẹ̀ ni àwa obìnrin ológun ọba Àgbómẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ Kétu, lọ́jọ́ tí a dáná sun ún.”