Ẹni Tó Pààrọ̀ Bátìrì Kásẹ́ẹ̀tì Ìyá Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "mo ti mọ̀" kí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ tó panu dé.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ wáyà iná. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ máa ń yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Mo-Ti-Mọ̀, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn nínú. Ohun tó fẹ́ràn jù ni ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, àwọn tí wọ́n máa ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lórí. Ó tò wọ́n sínú yàrá rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Bí eruku bá bà lé ọ̀kan, á fajú ro títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí ńlá síwájú dígí, kálukú á gun orí àga tó ń yí. Ẹni tó bá gbé géèmù wá ló máa kọ́kọ́ ta á, lẹ́yìn náà ló máa gbé páàdì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ariwo wọn máa ń dé òpin àdúgbò.

Ìyá Mo-Ti-Mọ̀ náà ní géèmù tiẹ̀. Aránṣọ ni màmá. Nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kó lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́, ó mú géèmù oko kan, ó sì ti ń dáko níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ó gbin àgbàdo, ó gbin ọsàn, ó sin màálù, ó sì fi orúkọ àwọn oníbàárà tó yọ ọ́ lẹ́nu jù sọ wọ́n. Èyí tó lágídí jù nínú wọn ń jẹ́ Ìyàwó Tíṣà.

Àwọn ẹgbẹ́ gbọ́, wọ́n ní kí màmá wá fi oko rẹ̀ han àwọn. Inú màmá dùn débi pé ó fọwọ́ rán àpò kékeré kan fún kásẹ́ẹ̀tì náà.

"Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì," ló wí, "ẹnikẹ́ni ò pè mí síbi eré rí."

2.
Ojú ti Mo-Ti-Mọ̀ nígbà tó rí kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ara rẹ̀ ti pọ́n, ìwé iwájú rẹ̀ ti ya. Ṣé nǹkan báyìí ló máa ti ilé òun jáde? Ó ní òun á fọ̀ ọ́, òun á sì pààrọ̀ bátìrì inú rẹ̀ kó lè di tuntun. Kò sọ fún màmá, ó dúró kó sùn lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Bátìrì pẹlẹbẹ kan máa ń wà nínú irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, bíi ti aago ọwọ́. Òun ló ń rántí ibi tí èèyàn ta géèmù dé. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ohun gbogbo ti lọ nìyẹn.

Mo-Ti-Mọ̀ pe àǹtí onítẹ̀wé tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ lórí fóònù, kó lè fọ́nnu.

"Kọ́kọ́ gbé e wá," ni àǹtí wí. "Mo ní nǹkan tá a lè fi da oko màmá kọ sórí kọ̀ǹpútà, bó bá di pé—"

"Mo ti mọ̀, àǹtí."

"Kò ní pẹ́ rárá."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Èmi tí mò ń wáyà ilé alájà, ṣé bátìrì tíńtín ló máa dẹ́rù bà mí?"

Ó ti gbọ́ níbì kan pé bí ọwọ́ èèyàn bá yá, ìrántí náà kì í tíì kú kí bátìrì tuntun tó wọlé. Ó yọ́ òjé tó lẹ bátìrì mọ́lẹ̀, ó fa ti àtijọ́ yọ. Bó ṣe ní kóun mú tuntun, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Arákùnrin wa dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ wá a, ó sì ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó nu kásẹ́ẹ̀tì títí ó fi ń dán, ó dá a padà sínú àpò. Kò tiẹ̀ fi sínú ẹ̀rọ dán an wò.

3.
Lọ́jọ́ Àìkú, onígbàjámọ̀ fún màmá ní àga tó dára jù. Màmá ki kásẹ́ẹ̀tì bọlé, ó tan ẹ̀rọ. Ilẹ̀ gbalasa ló yọ, koríko àti òkúta ló kún ibẹ̀. Kò sí màálù, kò sí ọsàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n: kí ni orúkọ rẹ?

Màmá wò ó títí.

"Ó ń bi mí ní orúkọ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Oko tèmi ò dá mi mọ̀ mọ́."

Mo-Ti-Mọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín irun tí wọ́n ti gé.

"Ẹ forí jì mí, mà. Èmi ni mo pààrọ̀ bátìrì ẹ̀."

"Ṣé mo ní kó o bá mi pààrọ̀ nǹkan kan?"

"Rárá, mà."

Màmá ò pariwo, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Kí wọ́n tó túká, gbogbo àwọn tí kásẹ́ẹ̀tì wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún àtúnṣe ló ti yọ́ sọ fún un pé kó dá a padà, pé àwọn ò kánjú àtúnṣe mọ́.

4.
Ṣùgbọ́n ẹ má sunkún fún màmá. Ó tẹ orúkọ rẹ̀ sí i, ó yí àga rẹ̀ dáadáa, ó sì gbé páàdì lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ṣá koríko yẹn. Gbogbo rẹ̀. Bó o bá ṣá a tán, wàá kó òkúta."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, géńdé ọkùnrin ṣá koríko títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi wú, ìyá rẹ̀ ń pàṣẹ lẹ́yìn, gbogbo ṣọ́ọ̀bù fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín kú. Nígbà tó tó àkókò àtilọ, màmá yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó gbé e fún àǹtí onítẹ̀wé lójú ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ rẹ ló máa máa gbé. Ilé tèmi ò tíì ní ìfọ̀kànbalẹ̀ fún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Mo-Ti-Mọ̀ ju àtàǹpàkò rẹ̀ lọ. Ọdọọdún là ń ra kásẹ́ẹ̀tì. Ìgbẹ́kẹ̀lé ìyá ẹni kò sí ní ọjà kankan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kíyè sára. Ẹ má tún nǹkan oní-nǹkan ṣe láìbi í. Ohun tó dọ̀tí lójú yín lè jẹ́ gbogbo ayé ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá sì ń gbà yín nímọ̀ràn, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ń yọ́ òjé lọ́wọ́ báyìí, ẹ tètè fi èyí ránṣẹ́ sí i.