Ẹni Tó Jókòó Síwájú

Firmin ló jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Pralong, akọ̀wé ìlú. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi Léonie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, sí. Ẹkún tó sun láàárọ̀ ni wọ́n fi gbà kó tẹ̀ lé wọn. Bàtà tuntun wà lẹ́sẹ̀ Firmin. Ẹran gbígbẹ kan ṣoṣo tó kù nílé, inú àpò rẹ̀ ni ìyá wọn fi sí. Lẹ́yìn náà ni ìyá wọn wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ juwọ́ sí wọn.

Ọkọ̀ ń gun òkè lọ, yìnyín bo ọ̀tún, ó bo òsì.

"Ṣé òtútù ò mú ẹ, ọkọ mi?" Pralong bi Firmin, ó sì fún un ní ṣokoléètì.

"Èmi ńkọ́, ọ̀gá?" Léonie bèèrè.

"Ìwọ kọ́ ni mo wá mú."

Léonie tẹjú mọ́ ẹ̀yìn orí àbúrò rẹ̀. Kí ni ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe? Ta ló ń la igi láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú? Ta ló ń fa omi nínú òtútù? Síbẹ̀, Firmin ni wọ́n ń kẹ́.

Pralong dá ọkọ̀ dúró níbi àwókù ilé àwọn ará Róòmù àtijọ́. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Rudaz ti ń dúró dè wọ́n lẹ́bàá ògiri, òun àti ẹṣin rẹ̀. Ó di Firmin lápá mú.

"Gbé òkúta yẹn, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ n rí ẹ."

Firmin gbé e dé orúnkún, ó já bọ́.

"Ẹ wo ọkùnrin!" Léonie bú sẹ́rìn-ín. "Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jàre."

Ó gbé òkúta náà mọ́ àyà. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó tún gbé èyí tó tóbi jù ú lọ.

"Mo tún mọ wàrà fún, bàbá. Mo mọ ilé màlúù gbá. Èyí ò mọ nǹkan kan."

"Irọ́ ni!" ni Firmin wí.

Rudaz wo Léonie látòkè délẹ̀. "Ọmọ yìí lágbára o."

Orí Léonie wú. Ó yọ ahọ́n sí àbúrò rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì fà sẹ́yìn, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́.

Firmin nìkan ni ọkọ̀ gbé padà sílé, torí ọmọ kan péré ni ìlú ní kí wọ́n gbà lọ́wọ́ opó tí kò lè bọ́ méjì, Rudaz sì ti yan èyí tí yóò máa sìn ín lóko láìgbowó títí yóò fi dàgbà.