Ìdánwò Ìwọlé Ìbídùn

Èèyàn kan ṣoṣo nínú ìdílé kan ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń gbà, géèmù náà ni wọ́n sì fi ń dánni wò. Mo mú Ìbídùn, ọmọ mi, lọ láàárọ̀ Tusidé, èmi tí mo ti ń pariwo láti ọdún mẹ́fà pé eré rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Nínú géèmù náà, bàbá arúgbó kan jókòó sẹ́nu géètì, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀. Ìbídùn sáré kọjá níwájú rẹ̀, géètì tì. Ó tún sáré, ó tún tì.

"Ṣé o ò rí bàbá ni?"

"Mọ́mì, àwòrán ni."

"Àwòrán àgbàlagbà ni. Gbé páàdì yẹn wá."

Mo gba páàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá bọ́tìnì tí wọ́n fi ń kúnlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà." Bàbá béèrè àwọn ará ilé, èmi náà béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí géètì fún mi.

Kí n tó dá páàdì padà, ẹ̀rọ ti tẹ ìwé ìgbaniwọlé jáde. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀.

Mo bẹ akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ náà títí pé kó fi orúkọ Ìbídùn rọ́pò tèmi. Ó ní, "Ọdún mẹ́rin lẹ máa fi kẹ́kọ̀ọ́, mà. Ẹ lọ gba yúnífọ́ọ̀mù yín ní yàrá kejì."

Ìbídùn ò wò mí. Ó mú bírò, ó buwọ́ lu ibi tí wọ́n kọ òbí tàbí alágbàtọ́ sí.

"Ẹ bá mi mójú tó wọn," ó sọ fún akọ̀wé. "Eré wọn ti pọ̀ jù."