Wọ́n Tún Igbó Ṣe De Àlejò

Ewé eéran tí Mùsítúrà ń já nínú igbó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìbà ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà. Òun náà ló ṣì ń dì lọ fún àwọn onímóínmóín ní Okokomáíkò. Igbó náà ni àwọn kan fẹ́ tà báyìí. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi, wọ́n ní tí oṣù tuntun bá ti lé, katakata á wọlé. Mùsítúrà sunkún, ó ṣépè, ó tọ baálẹ̀ lọ. Baálẹ̀ ní kó lọ máa ta búrẹ́dì.

Ṣọlápé, ayálégbé rẹ̀ tó ń lọ sí yunifásítì, ló wá pè é láti Ìbàdàn, níbi tó ti lọ wá ìrànlọ́wọ́.

“Màmá, mo ti bá àwọn tó ń dáàbò bo igbó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ẹranko àti ẹyẹ tó ń tán lọ láyé sí. Tí wọ́n bá fojú ara wọn rí ọ̀kan tó ń gbé inú igbó wa, wọ́n á bá wa gba igbó yẹn sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní lè tà á mọ́.”

“Ó kúkú wà! Ẹtu wà. Akika wà.”

“Ọ̀gá kan ń bọ̀ lọ́jọ́rú. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan...”

Káàdì Ṣọlápé tán síbẹ̀.

Mùsítúrà ti ìdí fóònù lọ bá Ràsákì, tó ń lẹ táyà lójú títì, tó sì ń dẹ tàkúté nínú igbó náà.

“Lọ tú gbogbo tàkúté ẹ.”

“Háà, Àlàájà! Kí n wá máa jẹ kí ni?” Àlàájà ló máa ń pè é, bẹ́ẹ̀ Mẹ́kà ò tíì rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Máa jẹ táyà.”

Ràsákì tú tàkúté. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìmọ́tótó, torí Mùsítúrà kì í gba àlejò sínú ìdọ̀tí, ká má tiẹ̀ sọ ti àlejò ìjọba. Wọ́n ro ojú ọ̀nà. Wọ́n ṣa ọ̀rá piọ́wọ́tà. Wọ́n dáná sun ààtàn tí àwọn alápatà ń da ìfun sí. Ẹnu ọ̀nà igbó ni àràbà ńlá kan wà, igún ló ń gbé orí rẹ̀, ìgbẹ́ wọn sì ti sọ ilẹ̀ di funfun.

“Tí wọ́n bá ṣu lé ọ̀gá yẹn lórí ńkọ́?” Mùsítúrà bi í.

“Orí pípá wọn nìkan tó lé e padà,” Ràsákì dáhùn.

Wọ́n kó ewé tútù sínú iná, èéfín gòkè. Ràsákì gun igi, ó gé ẹ̀ka tí ìtẹ́ wọn wà lulẹ̀. Àwọn igún náà yí lókè díẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà Navy Town lọ. Mùsítúrà da iyanrìn sórí ibi tó funfun. Ó yá bẹ́ǹṣì ní mọ́ṣáláṣí, ó sì ra mínírà tútù sílẹ̀.

Ọjọ́rú dé. Ọ̀gá náà ń jẹ́ Ògúndìran, kámẹ́rà wà lọ́rùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù.

“Ọ̀gá, èwo gan-an lẹ fẹ́ rí?” Mùsítúrà bi í.

“Màmá, wọn kì í jẹ́ ká sọ. Ibì kan wà tí wọ́n ti lọ ra ọ̀bọ, tí wọ́n so ó mọ́gi dè wá.”

Ràsákì wo ilẹ̀.

Wọ́n wọ igbó. Òkè ni Ògúndìran ń wò ṣáá.

“Ọ̀gá, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, ejò ń bẹ. Ẹ wo ipa ẹsẹ̀ ẹtu!”

“Ẹ ṣé, Màmá.” Kò ya fọ́tò rẹ̀.

Mùsítúrà fi ihò akika hàn án. Ògúndìran tan iná sí i, kò sí nǹkan níbẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń retí. Oòrùn mú, ẹ̀fọn jẹ wọ́n ní àjẹyó. Nǹkan kan sáré kọjá.

“Òun nìyẹn!” Mùsítúrà pariwo.

“Ọ̀kẹ́rẹ́ ni, Màmá. Ọ̀kẹ́rẹ́ pọ̀.”

Mùsítúrà fa Ràsákì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ìwọ lo jẹ ẹtu yẹn tán, ọ̀jẹun!”

“Èmi nìkan? Ta ló se ìyẹn tá a pa lọ́sẹ̀ Iléyá?”

Mùsítúrà fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó padà wá jókòó, ó ń fi etí ìró nu ojú. Kò sí ohun tó jáde. Kò sí ohun tó ké. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Ògúndìran dìde, ó yí àràbà náà po, ó sì gbójú sókè títí.

“Ṣé bí ibí yìí ṣe máa ń mọ́ tó nìyí?”

“Àwa la tún un ṣe, ọ̀gá!” Inú Mùsítúrà dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. “Nítorí yín ni!”

Ògúndìran bo ojú kámẹ́rà rẹ̀, ó fi í sínú àpò. Mùsítúrà rí i, ló bá kúnlẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ fi ojú àánú wò wá. Ẹ ní sùúrù di ọ̀la. Ràsákì á sùn síbí, ẹtu yẹn á jáde, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

“Ẹ dìde, Màmá,” ni Ògúndìran wí, tó sì dì í lápá mú, “ẹtu kọ́ ni mo bá wá, igún ni wọ́n ní ó ń yé sórí àràbà yín, igún ni mo wá wò.”